Àrùn Tó Wá Lẹ́ẹ̀mejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tó ń sinmi ní Ìrágbìjí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo wí yìí ti di ọdún méje, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, mi ò kì í ṣe ẹni tó ń jókòó kọ̀wé. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọwọ́ mi yá sí irun ju ìwé lọ, ẹ ò sì parọ́. Ọjọ́ Àìkú ni òní. Mo ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, mo gbé ìwé lé itan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ó sì dá mi lójú pé ó máa yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà ní Gárkì níbi tí ẹ fi í sí. Mo ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún, mo ra jígí tuntun, kílípà mẹ́rin ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Ẹ rántí àwọn tó ń sọ níjọ́sí pé ta ni yóò gbé orí rẹ̀ fún obìnrin? Èmi ni mo ń fá orí wọn títí dòní. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń gé irun mọ́lẹ̀ náà ti gba ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Ìyá wa wà ní Kábúsà, ara wọn le koko, ẹnu wọn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bísí àbúrò mi ti bí ọmọkùnrin. Orí yín gan-an lọmọ náà gbé wá, orí gbọọrọ tí iwájú rẹ̀ yọ síta. Gbogbo wa la ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì ń bí ìyá rẹ̀.

Mo ṣì ń ra ọsàn ní Zùbá bí mo bá gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi abẹ àtijọ́ bó ọsàn tí èèpo rẹ̀ ò ní já títí tó fi tán, ẹ ó wá gbé èèpo gígùn náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí lẹ fi ń ṣe? Mi ò bi yín rí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó já lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsàn ni mo bá wá. Abẹ ni. Ẹ ò lè gbàgbé bí ẹ ṣe ń dán abẹ wò. Bí ẹ bá pọ́n ọn lára awọ tán, ẹ ó na apá òsì, ẹ ó fi abẹ náà ra irun apá yín fẹ́rẹ́. Bí irun bá já, ẹ ó mi orí, ó ti mú nìyẹn. Bí kò bá já, ẹ ó tún padà sídìí awọ. Apá òsì yín ò ní irun kankan títí ẹ fi lọ, ó ń dán bíi ti ọmọ ọwọ́. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n ní onígbàjámọ̀ tó bá kọ́kọ́ fi abẹ kan ara rẹ̀, ọkàn ẹni á balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n fá irun apá mi, ìyá wa sì pariwo pé ẹ fẹ́ sọ ọmọ àwọn di ọkùnrin.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo gbé abẹ yín, mo gbé àṣà yẹn náà. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà ti gba kílípà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà mẹ́ta kan ò gbà kí nǹkan mìíràn kan orí wọn àfi abẹ. Olórí wọn ni Bàbá Dírẹ́kítọ̀, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ẹ̀yin náà ti ń fá orí fún láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Mo máa ń fi sípírítì nu abẹ kí ẹnì kan tó jókòó, ẹ má rò pé onídọ̀tí ni mí. Àárín orí ni mo ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ mọ̀ pé abẹ a máa kú nígbà tí a bá fá orí dé ìdajì. Màá pọ́n ọn, màá fi dán apá mi wò, màá sì padà sórí oníbàárà. Mi ò nu nǹkan kan láàárín. Ẹ̀yin náà ò nù ún rí.

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí Bísí fẹ́ bímọ, wọ́n ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo kọ́kọ́ ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ọkùnrin tó wà ní lábù gba díẹ̀, ó kán an sórí tẹ́ẹ̀sì pẹlẹbẹ kan, ìlà méjì yọ. Ó ní àwọn ò lè gba ẹ̀jẹ̀ mi nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní C, tó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Ẹ̀dọ̀ ló mú yín lọ, bàbá. Mo ti rí bí ikùn yín ṣe wú, tí ojú yín sì di àwọ̀ ìyeyè. Mo ní ó ti kàn mí.

Wọ́n rán mi sí dókítà kan, ìyá àgbà tó wá láti Kàbà, tí Yorùbá wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí n má tíì sunkún. Wọ́n ní tẹ́ẹ̀sì onílà méjì yẹn ò lè sọ pé kòkòrò wà lára mi, ohun tó ń sọ kò ju pé ara mi ti bá a pàdé rí. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti fi wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ó ti wọlé rí, ara mi sì ti lé e jáde láìlo oògùn kankan. Wọ́n ní púpọ̀ nínú àwọn tó bá kó o ni kì í lè lé e, á kàn jókòó sínú ẹ̀dọ̀ wọn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Èmi wà lára ìwọ̀nba tó rí i lé.

Mo ní báwo? Dókítà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí àjèjì, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n ti máa gbá a mú, wọ́n á máa jà kiri, ó sì lè gbà wọ́n ní oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá borí, púpọ̀ nínú wọn á kú, ṣùgbọ́n díẹ̀ á ṣẹ́kù tó mọ̀ ọ́n lójú. Bó bá tún yọjú, àwọn yẹn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ, wọ́n á pe ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á sì tètè dé. Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́. Orí tí mo bá ti fá lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi ti mọ ibi tí egungun ti yọ àti ibi tí irun ti yí po, mi ò ní lo ìdajì àkókò tí mo lò nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo ìgbéraga. Mo sọ ọ́ fún mai shayi tó ń ta tíì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kai, ó fún mi ní tíì ọ̀fẹ́. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ọmọ Ìrágbìjí. Bísí ní ó kù kí n lọ kọ ọ́ sára ògiri. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé àrùn yìí kì í ṣe èéyi tí ènìyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tó sì parí, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn lè tètè dé ṣùgbọ́n wọn ò lè ti ilẹ̀kùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹnu lásán ni. Nínú ọkàn mi, èéyi ni mo fi pè. Ẹ̀yin àti ìyá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi ṣe èéyi, ẹ ò mú Bísí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ní kó kúkú ṣe tirẹ̀ náà kó bọ́ ńbẹ̀. Ó ṣe é, ó sì bọ́ ńbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onígbàjámọ̀ tó kù ní Gárkì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń fi abẹ kan apá mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló tún fẹ́ ṣe mí?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́. Màá gbé kílípà lé orí ènìyàn, apá mi á máa wúwo bíi ti ẹni tó gún iyán fún gbogbo àdúgbò. Oúnjẹ ń rùn sí mi. Ìtọ̀ mi dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Mo lo oògùn ibà, kò gbọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Dókítà, èmi ni mo tún ń kọ́ wọn níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n yẹ ibà wò, kí wọ́n yẹ taifọ́ọ̀dù wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí mẹ́dọ̀wú, mo ti kọjá ibẹ̀. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, títí kan èyí tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Kòkòrò wà níbẹ̀, bàbá. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìlà lásán. Mo ní wọ́n ti ṣi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn mú. Mo ní ṣebí ara mi ti mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó tún jẹ́ kó wọlé, àbí ara mi ti gbàgbé ni? Dókítà yọ awò ojú wọn.

“Ara rẹ ò gbàgbé,” wọ́n ní. “Ìwọ lo gbàgbé.”

Wọ́n ní kí n fi bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn. Mo na apá òsì láìronú, mo sì fi ìka ṣe abẹ. Wọ́n fa apá náà sábẹ́ iná. Ojú abẹ tín-tìn-tín pọ̀ lórí rẹ̀, òmíràn ti jinná, òmíràn ṣì pupa. Orí gbogbo Gárkì ni mò ń yẹ̀ wò, mi ò yẹ apá ara mi wò rí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà wò ó pẹ́, wọ́n wá béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Ojú tì mí bí mo ṣe sọ ọ́, inú sì tún bí mi sí ara mi pé ojú tì mí nítorí yín.

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Oògùn oníhóró ti wà báyìí, tí ènìyàn máa lò fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kòkòrò náà á sì kúrò. A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tiyín. Ọ̀nà kejì ni ká dúró díẹ̀. Àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ara tó bá sì ti lé e lẹ́ẹ̀kan lè tún lé e, kódà kó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Dókítà ò ṣèlérí. Wọ́n ní kòkòrò yìí a máa pààrọ̀ ojú, èyí tó wọlé báyìí lè má jọ ti ìṣáájú tó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ láti dá a mọ̀. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ó tún yẹ ẹ́ wò ní ìkejìlá. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ ní ìkejìlá, oògùn ló kàn, kò sí àríyànjiyàn.

Mo ní ká dúró. Bísí fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Ó ní ṣé bí Bàámi ṣe lọ ò tíì tó mi ni, tí mo fi fẹ́ fi ẹ̀dọ̀ ta tẹ́tẹ́. Mo pa á lówe, mo ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá, ara mi ò ní sùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí òwe wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sàn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí akọni. Ká sòótọ́ fún ara wa, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ń wẹ̀ láàárọ̀, màá máa fọwọ́ tẹ ikùn mi bóyá ó ti ń wú. Ṣùgbọ́n mo gba ara mi gbọ́, mo sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé, ìwọ, o mọ iṣẹ́ yìí, ṣe é.

Èyí tó le jù lọ́kàn mi ni ti àwọn àgbà mẹ́ta yẹn. Bí abẹ bá lè gbé e wá fún mi, ó lè gbé e lọ fún wọn. Mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Mo pe Bàbá Dírẹ́kítọ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá, pé kì í ṣe fún irun. Wọ́n jókòó sórí àga tí mo jókòó lé yìí gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti abẹ, ti apá, ti ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa orí wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mo ní ó parí nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n padà wá pẹ̀lú ìwé láti lábù, kò sí nǹkan kan lára wọn. Wọ́n jókòó.

“Ó yá, fá a,” wọ́n ní. “Bíléèdì tuntun ni o.”

Mo fá a, ojú mi kún fún omi, mi ò sì gé wọn. Àgbà kejì náà yẹ ara wọn wò, wọn ò ní in. Ẹ̀kẹta ò gbé fóònù mi mọ́ títí dòní. Ṣé lára wọn ni mo ti kó o? Àbí èmi ni mo kó o ràn wọ́n? Mo ti ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò, pé oògùn ti wà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ń dùn mí, kò sì ní yéé dùn mí.

Mo ti fi aṣọ wé abẹ yín, mo gbé e fún ìyá wa. Ìbọ̀wọ́ ni mò ń wọ̀ báyìí. Bíléèdì tuntun ni mò ń tú lójú oníbàárà, bí mo bá sì ti tán, màá jù ú sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ yín ni mo dì mú, àṣà yẹn nìkan ni mo fi sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kòkòrò náà ti dín kù gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni màá gba èsì ìkejìlá. Mo gbàgbọ́ pé ó ti lọ. Mo ti ń jẹun, ìtọ̀ mi ti mọ́, apá mi ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti gba irú nǹkan báyìí gbọ́ rí, ẹ sì ti rí ibi tó gbé mi dé. Ẹ jẹ́ kí n dá ọwọ́ dúró níbí. Bí mo bá gba èsì, màá parí lẹ́tà yìí, ohun yòówù kó jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì rèé, bàbá.

Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá tì í sọ́dọ̀ mi kí n fi ojú ara mi wò ó. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta sí i, ká tún yẹ ẹ́ wò kó lè dá wa lójú. Wọ́n ní bí mo bá tún gbà á láàyè lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ara mi gbọ́dọ̀ borí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn mi bá ẹnu mi lọ. Mo pe Bísí láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó sunkún, ó ní kí n máa wá máa pa òwe fún òun lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Mi ò lè máa gbé ọ̀rọ̀ yín kiri inú mi láìbá yín sọ ọ́.

Láti ọjọ́ kìíní ni Dókítà ti ń béèrè ibi tí mo ti kó ti àkọ́kọ́. Mi ò mọ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo bẹ ìyá wa kí wọ́n ṣí àpótí yín. Gbogbo ìwé ọsibítù yín wà nínú ọ̀rá dúdú kan. A ò kà á nígbà náà. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀ ni, a sunkún, a di ọ̀rá náà pa. Mo gbé e lọ fún Dókítà, wọ́n sì kà á. Mẹ́dọ̀wú ni, irú C. Ó wà níbẹ̀ gbangba fún ọdún méje. Wọ́n yẹ ìyá wa wò, kò sí lára wọn. Wọ́n yẹ Bísí wò, kò sí. Èmi nìkan ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ lọ ni. Ara ń yún yín, orí ń yún yín jù. Ẹ ò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, ẹ ní èmi ni kí n wá fá a. Mo gbé yín jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí tì yín lẹ́yìn. Awọ orí yín ti fẹ́lẹ́, gbogbo ibi tí abẹ bá kàn ló ń ta ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Abẹ kú ní ìdajì. Mo pọ́n ọn, mo na apá, mo dán an wò, irun já. Ẹ̀yin ń wò mí. Ẹ mi orí fún mi bí ẹ ṣe máa ń mì í fún ara yín, ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, bàbá, àní bí ẹ ṣe wà yẹn. Lẹ́yìn tí a sin yín, mo dùbúlẹ̀ sí Ìrágbìjí fún bí oṣù méjì, mi ò lè jẹun, ojú mi pọ́n. Gbogbo ẹbí ní ìbànújẹ́ ni. Èmi náà ní ìbànújẹ́ ni.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe yín? Ṣé ẹnikẹ́ni jókòó tì yín tó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́? Bí ẹ bá mọ̀, ṣé ẹ ò bá ti di ọwọ́ mi mú?

Mi ò sọ fún ìyá wa pé lára yín ni mo ti kó o. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Kábúsà, mo nu ojú, mo wọlé, mo ní ara mi ti yá, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún mi. Mi ò bínú sí yín. Ẹ gbọ́ o, mi ò bínú rárá. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọwọ́ mi níṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi náà kọ́ṣẹ́ lára yín. Ohun tó pa yín ló kọ́kọ́ wá bá mi. Ara mi fi oṣù púpọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé e. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, ọ̀sẹ̀ méjìlá ò tíì pé tó ti lé e tán.

Bí wọ́n bá ní kí n padà sí yàrá yẹn lónìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀, màá tún fá orí yín. Màá wọ ìbọ̀wọ́. Màá tú bíléèdì tuntun, bó bá kú, màá jù ú nù, màá tú òmíràn, kódà kó gba páálí kan. Ẹ lè fajú ro pé mi ò dán an wò lápá, ẹ máa fà á ro lọ. Màá fi ọwọ́ kan di orí yín mú, mi ò ní kánjú, títí gbogbo rẹ̀ á fi mọ́.

Èmi tí ìfẹ́ yín ò tíì tán lọ́kàn mi,
ọmọ yín tó fá orí yín kẹ́yìn.